Ìnàkí àti Ilé Tó Dákẹ́

Ẹ bá mi gbè é o, Ìnàkí ló ni àlọ́ yìí. Àrùn ikọ́ wọ igbó, Kìnnìún ní kí kálukú jókòó sílé. Ìnàkí jókòó ti agbè ẹmu. Ọmọ rẹ̀ tó bá pariwo, pàṣán. Èyí tó bá wúkọ́, pàṣán.

Kò pẹ́, ilé dákẹ́. Ìnàkí ń mu, ó ń kọrin:

"Ilé mi tòrò."
Tere nà.
"Kò síkọ́ ńbẹ̀."
Tere nà.

Ó ti rẹ ìyá wọn. Ó gbé àbígbẹ̀yìn síwájú Ìnàkí. Ara ọmọ náà gbóná janjan, òun fúnra rẹ̀ ló ki ewé bọ ẹnu kí ikọ́ má baà jáde.

Ìnàkí yọ ewé náà, ó ní: "Èéṣe tí o kò wúkọ́ kí n gbọ́?"

"Bàbá, ẹ óò nà mí."

Ìnàkí gbé e, ó sáré tọ oníṣègùn lọ. Ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí ikọ́ bá ń gbọ̀n ọ́n, ojú bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò.