Onídìrí Tó Fọ Orí Ọmọ Rẹ̀ Nítorí Pátákó

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fi ọwọ́ ara yín fọ irun ọmọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbede méjì. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fẹ́ràn.

1.

Onídìrí kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. Orúkọ náà yẹ ẹ́. Ohunkóhun tó bá fẹ́ lò fún oníbàárà, yóò kọ́kọ́ fi díẹ̀ kan ẹ̀yìn etí rẹ̀, yóò ní kí wọ́n jọ wò ó ná. Bí oníbàárà bá ti ní ó ń ta òun báyìí, omi ti dé. "Orí olórí nìyí," ló máa ń wí, "kì í ṣe orí mi."

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Àwọn oníbàárà sọ ọmọ náà ní Dígí, nítorí irun rẹ̀ ń dán gbinrin. Ọ̀kan nínú wọn a máa ní bí eṣinṣin bá bà lé orí Dígí, yóò yọ̀ ṣubú, yóò sì kán lẹ́sẹ̀. Inú ìyá rẹ̀ a dùn ṣìnkìn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí dídán náà ti ń wá. Gbogbo ìpara tó bá ṣẹ́kù sí ìdí ike, gbogbo jẹ́ẹ̀lì tó bá kù lọ́wọ́ ìyá, orí Dígí ló ń gbà á. Lónìí èyí, lọ́la òmíràn, ọ̀kan lé orí ọ̀kan. Orí oníbàárà ni ìyá ń fọ̀ láti àárọ̀. Bí ó bá kan ti ọmọ, a ní ó di ọ̀la.

2.

Orí bẹ̀rẹ̀ sí í yún Dígí. Irun rẹ̀ wúwo, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Bí a bá là á, nǹkan funfun wà ní ìdí rẹ̀ bí àbẹ́là tó yọ́ tó sì tún dì, awọ orí sì pọ́n. Nílé ìwé, ìdí bírò ló fi ń họ ọ́. Ó sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá ní ọmọ onídìrí tó ń yúnrí kiri, ṣé ó fẹ́ lé oníbàárà lọ ni? Ó bu ìpara mìíràn lé e, kí funfun náà má baà hàn.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí onídìrí, ló fura. Ó fi ìka la irun ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó wo awọ orí náà.

"Awọ orí ọmọ yìí kò gba líle. Èmi ló fi jọ," ló wí. "Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ tí kò le, orí ìka, kì í ṣe èékánná. Kí o ṣan án dáadáa. Bí ìpara náà kò bá tán lónìí, fi sílẹ̀, yóò tán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Onídìrí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà, Màmá. Èmi tí mò ń fọ orí gbogbo àdúgbò lẹ fẹ́ kọ́ ní orí fífọ̀?"

Ìyá àgbà ní òun kò kọ́ ọ. Òun kàn ń bẹ̀ ẹ́ ni.

3.

Onídìrí fẹ́ gbé pátákó tuntun síwájú ṣọ́ọ̀bù, àwòrán orí Dígí ni yóò sì wà lójú rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí onífọ́tò ń bọ̀, ó la irun ọmọ kó dì í, ó rí i pé kò ṣeé dì. Ó ti lẹ̀ pọ̀, ó sì ń rùn.

Onífọ́tò kò sì ní pẹ́ dé. Ó bu ọṣẹ lúbúlúbú tí wọ́n fi ń fọ aṣọ ìnura ṣọ́ọ̀bù, ó fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó da omi gbígbóná lé e, ó pò ó pọ̀. Lọ́jọ́ yìí, kò rántí ẹ̀yìn etí. Ó tẹ orí ọmọ sínú bàsíà, ó ń fi eyín òòyà ha á.

"Mọ́mì, ó ń ta mí."

"Dúró jẹ́ẹ́. Ọmọ onídìrí ń sá fún omi, kí wá ni ọmọ ọlọ́mọ yóò ṣe?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ ṣan án. Ó ń jó mi."

"Ó kù díẹ̀. Fara dà á."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí oníbàárà ló sọ bẹ́ẹ̀, omi ìbá ti dé. Ọmọ náà sọ ọ́ títí, nígbà tó yá, kò sọ ọ́ mọ́. Ó di etí bàsíà mú, ó dákẹ́. Ìyá rẹ̀ rò pé ara ti ń tù ú ni.

Ìpara náà lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irun ń bá òòyà jáde ní ìṣù ìṣù, awọ orí sì bó tẹ̀ lé e. Nígbà tí onífọ́tò dé, ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé wọn, tí wọ́n ń sáré lọ sílé ìwòsàn.

4.

Nọ́ọ̀sì tú aṣọ tí wọ́n fi bo orí ọmọ náà. Ó béèrè ẹni tó ṣe é.

"Èmi ni," ni Dígí wí. "Èmi ni mo fọ̀ ọ́ fúnra mi."

Nọ́ọ̀sì bá ọmọ wí. Ó ní kí ló ń kánjú lé, ṣé kò sí ìyá nílé ni? Ìyá dúró síbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Kò sọ pé òun ni.

Egbò jinná. Ṣùgbọ́n ní àtàrí, irun kò hù mọ́. Awọ ibẹ̀ ń dán gbinrin, kò sì sí ẹni tó pe ọmọ náà ní Dígí mọ́. Pátákó tí wọ́n fẹ́ gbé síta ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ funfun, kò sí àwòrán kankan níbẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, ìyá po ọṣẹ tí kò le, ó fi ìka bù díẹ̀, ó bá ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń wé gèlè tó fi ń bo orí lọ sílé ìwé.

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi kan ẹ̀yìn etí rẹ," ló wí.

Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì di gèlè mú. Kò bínú. "Ẹ má ṣèyọnu, Mọ́mì. Màmá àgbà ni yóò bá mi fọ̀ ọ́."

Ó jáde. Ọṣẹ náà gbẹ sí ìyá lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ìyá, mo bẹ̀ yín. Ẹ máa fọ ohun tí ẹ bá fi sí orí ọmọ kúrò, kí ọ̀kan tó gun orí òmíràn. Orí tó bá ń yún ọmọ, ẹ má fi ìpara bò ó. Ọṣẹ aṣọ, ẹ fi sílẹ̀ fún aṣọ. Bí ọmọ bá sì ní ó ń ta òun, ẹ gbà á gbọ́ nígbà àkọ́kọ́, nítorí kì í pẹ́ tí ọmọ fi ń dákẹ́. Orí olórí ni orí ọmọ yín náà.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ni lára.