Ìkarahun Ògúndìjọ

Nígbà tí wọ́n gbé ẹrù ọdẹ Ògúndìjọ lọ sínú igbó fún ìṣípà rẹ̀, ètùtù ìkẹyìn tí àwọn ọdẹ ń ṣe fún ọdẹ tó kú, Ọdẹ́gbàmí àbúrò rẹ̀ yọ ìbọn ṣakabùlà olóògbé pamọ́. Ogún ọdún ló fi jowú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí ìbọn náà, torí kì í tàsé lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ìkarahun ìgbín tí olóògbé fi ń wọn ẹ̀tù ti bá ẹrù lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ọdẹ́gbàmí fi ẹfun sàmì sára igi. Ó bu ẹ̀tù ní ìbùkúbù, ó ki ọta kan ṣoṣo lé e. Ó yìn ín, ó tún un kì, títí ó fi yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta, ọta kò kan igi.

Ilẹ̀ ń ṣú, àwọn ẹyẹ sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá gbọ́ ikọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn.

“Ọdẹ́gbàmí, ẹ̀tù yẹn ti pọ̀ jù. Ojú kòkòrò lo fi ń wọ̀n ọ́n.”

Kò bojú wẹ̀yìn. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò sọ òṣùwọ̀n yín fún mi rí.”

“O ò bi mí rí. Ìbọn nìkan lo ń wò.”

Ọwọ́ kan na ìkarahun kọjá èjìká rẹ̀. Ẹ̀tù inú rẹ̀ kò ju ìdajì lọ. Ọwọ́ kejì rọra di ìdí ìbọn mú.

Síbẹ̀, Ọdẹ́gbàmí kò fi ìbọn náà sílẹ̀.