Éésì Tó Ń Fẹ́ Ooru

Ta ló yẹ kí Kifayah bínú sí? Títí dòní, kò tíì rí ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí inú bí i gan-an, kò ṣiyèméjì rárá.

Yasir, ọmọ rẹ̀, kì í làágùn. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Dókítà tó rí i ní Ìbàdàn sọ pé ara ọmọ náà kò ní ibi tí ooru lè gbà jáde, pé níbi tó bá tutù ni kí wọ́n máa fi í sí. Oṣooṣù ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa gbé e wá láti abúlé wọn sí ọsibítù. Nítorí ẹ̀ ni Bàṣírù, ọkọ Kifayah, ṣe ra ọkọ̀ tokunbọ̀. Ooru ni éésì ọkọ̀ náà ń fẹ́ dípò atẹ́gùn tútù. Ẹni tó tà á fún un sọ pé nǹkan kékeré ló ṣe é.

Ìyá Bàṣírù ló júwe mẹkáníìkì fún wọn.

"Ẹ gbé e lọ bá Hezekiah ní Moniya," ni Ìyá wí. "Ọmọ dáadáa ni. Ó létí ìgbọ́ràn."

Ìyá fẹ́ràn Yasir. Ọkọ mi ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ tó gbóná, wọn a dé fìlà olówùú fún un. Bí Kifayah bá ṣí i, wọn a tún un dé.

Hezekiah fi gééjì sí éésì náà, ó ní gáàsì ti tán. Ó rọ òmíràn sí i. Kò pẹ́ tí atẹ́gùn tútù fi ń jáde níwájú ọkọ̀. Kifayah gbé ọwọ́ Yasir síbẹ̀, ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Hezekiah kò wò wọ́n. Ó tún ti ọwọ́ bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, kó tó pa á dé. Kò gba owó iṣẹ́.

"Ẹ bá mi kí Ìyá," ló wí.

Kí wọ́n tó dé abúlé, ooru ló tún ń fẹ́.

Wọ́n gbé e padà lẹ́ẹ̀kejì.

"Gáàsì pé," ni Hezekiah wí. "Wáyà kan ló ń bọ́. Ọ̀nà yín ni kò dára, Ìyá Yasir."

"Ọ̀nà wa ló wá ń tú wáyà, Bọ̀dá Hezekiah?"

"Ọ̀nà ni, mà."

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bàṣírù ní kí àwọn gbé ọkọ̀ lọ bá ẹlòmíì ní Alakia. Ìyá ní rárá, kí wọ́n ní sùúrù fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹta, tírélà kan dábùú ọ̀nà bí Kifayah ṣe ń gbé Yasir lọ sí ọsibítù. Oòrùn mú. Éésì ń fẹ́ ooru. Ojú Yasir yí padà, gìrì sì gbé e. Àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá ló sáré tú omi lé e lórí. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n apá òsì rẹ̀ kò gbé nǹkan dáadáa mọ́.

Ní ọjọ́ tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ ní ọsibítù, Kifayah gba ṣọ́ọ̀bù Hezekiah lọ tààrà.

"Hezekiah, jáde wá."

Kò pè é ní bọ̀dá mọ́.

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́? Ṣé ó ṣì wà láyé, kó wá wo ohun tó kọ́?"

"Màdáàmù, ẹ rọra," ni fọ́kànáísà ẹ̀gbẹ́ wọn wí.

"Ìwọ náà dákẹ́ jàre. Àbí wáyà tìẹ náà ti bọ́ ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Hezekiah kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti ọwọ́ kan bọ̀ ọ́ láìwo ibi tí ọwọ́ ń lọ. Nǹkan dún ká.

"Ó ti parí," ló wí. "Kò ní bọ́ mọ́."

Kifayah tan éésì. Ó tutù bíi yìnyín. Ìyẹn ló wá bí i nínú jù.

"Ìṣẹ́jú méjì? O mọ̀ ọ́n ṣe, o wá ń wò mí? Abájọ tí o ò gbowó. Ẹni tó mọ̀ pé òun ò ṣe nǹkan kan kì í gbowó."

"Apá rẹ̀ ńkọ́?" ni Hezekiah béèrè.

Kifayah tutọ́ sílẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé nǹkan ṣe apá ọmọ. Ó gbà pé ìròyìn ló ti ṣáájú òun.

Ó fẹjọ́ sun ẹgbẹ́ mẹkáníìkì. Wọ́n pe Hezekiah, wọ́n bi í léèrè, kò wí nǹkan kan. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Kó tó di Iléyá, ó ti kúrò ní Moniya. Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé abúlé, Ìyá kò jẹun. Kifayah bu omi fún wọn, ó ní kí wọ́n má bínú, pé Ọlọ́run ti bá àwọn mú ọ̀dájú ènìyàn.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ Ìyá, ni Àlàájà Mùjíbátù, ọ̀rẹ́ Ìyá, ti sọ fún Kifayah pé nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lọ bá Hezekiah, Ìyá ti débẹ̀ ṣáájú wọn, wọ́n ṣí gèlè, wọ́n fi irun funfun kúnlẹ̀ sínú ọ́ìlì níwájú ọmọkùnrin tí wọ́n tó bí lọ́mọ, wọ́n ní òtútù ti pa ọmọ mẹ́ta mọ́ àwọn lọ́wọ́ kí àwọn tó bí Bàṣírù, kó jọ̀ọ́, kó má jẹ̀ẹ́ kí éésì yẹn tutù láé.