Igbe Òwúrọ̀ Arínpé

Kí oòrùn tó yọ dáadáa, Arínpé ti jókòó síwájú ògiri ìpolówó inú ilé rẹ̀, ó ń ké bí iṣe rẹ̀. "Ẹsẹ̀ ń ro mí o! Àyà ń dun ọkọ mi o!" Ògiri a gbọ́, a sì polówó oògùn tó bá ọ̀rọ̀ náà mu. Ìpolówó ọ̀hún ló ń san owó ilé fún gbogbo àdúgbò; ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ògiri tirẹ̀ tí wọ́n ń ké sí. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ayọ̀ gbìyànjú títí, kò mú nǹkan kan wọlé. Àìsàn ló ń pawó. Bí Arínpé bá ké tán, a fi ọwọ́ yí orí ká, a sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ kí ògiri má baà gbọ́: "Kò ní ṣẹ mọ́ wa lára."

Lónìí, kò tíì gbé ọwọ́ sórí tí Láṣebìkan ọkọ rẹ̀ fi ṣubú lulẹ̀ gbì, tó di àyà mú.

Arínpé ké sí aládùúgbò rẹ̀: "Ìyá Dérìn, ẹ gbà mí o! Ọkọ mi ń kú lọ!"

Ògiri tàn yòò, ó ń polówó pósí.

Arínpé sáré lọ lu ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀. "Òótọ́ ni o! Kì í ṣe iṣẹ́ ni mò ń ṣe!"

Ìyá Dérìn dáhùn láti inú ilé, ẹ̀rín wà lóhùn rẹ̀. "Arínpé, o kú iṣẹ́ o! 'Kì í ṣe iṣẹ́' yẹn mà dára o. Èmi náà á fi kún tèmi lọ́la."