Ojú Dal-su Tó Dí Ọjà Lọ́nà

Ìfẹ́ ojú ara ẹni ló ba ti Pyo Dal-su jẹ́. Ọkùnrin náà kì í kọjá lára gíláàsì kí ó má dúró kí ara rẹ̀. Bó bá rí ojú rẹ̀ nínú omi ọbẹ̀, ọbẹ̀ náà yóò tutù kó tó rántí mu ún.

Abúlé wọn wà lẹ́yìn ìlú Sangju ní Korea, níbi tí gbogbo ilé ti ń bó èso gam nígbà ìkórè, tí wọ́n ń so ó rọ̀ sábẹ́ òrùlé títí yóò fi gbẹ, tí yóò sì dùn bí oyin. Gotgam ni wọ́n ń pe gbígbẹ rẹ̀. Kí Seollal, ọdún tuntun wọn, tó dé ni gbogbo èèyàn ń rà á fún àna, fún ọ̀gá, àti fún tábìlì tí wọ́n fi ń bọ àwọn baba ńlá. Bí ọdún bá ti kọjá, ta ló tún ń wojú gotgam? Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará abúlé kó ìkórè wọn pọ̀, tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì fi Dal-su ṣe olórí rẹ̀, oúnjẹ odindi ọdún kan ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́.

Ohun tí Dal-su kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ya fọ́tò. Ó wọ aṣọ tuntun, ó mú gotgam kan dání, ó sì fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín. Ó wá ṣe é débi pé bí oníbàárà bá ti mú páálí gotgam kan tó fẹ́ sanwó, fọ́tò náà yóò yọ sí i lójijì, yóò sì bo bọ́tìnì ìsanwó mọ́lẹ̀. Àmì kékeré tí èèyàn lè tẹ̀ kó lè kúrò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n funfun ni, orí eyín Dal-su ló sì wà.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Hye-ran, ló ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń fi ìrìn àwọn oníbàárà hàn nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ̀rọ yìí ń ya àwòrán kan: ibi tí ìka èèyàn bá ti tẹ̀ jù yóò pọ́n bí ẹyin iná. Ó tún ń gba ìrìn ìka oníbàárà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bíi fíìmù, láìsọ orúkọ onítọ̀hún. Lọ́jọ́ kan, Hye-ran gbé àwòrán náà wá. Nínú rẹ̀, ojú Dal-su pọ́n láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

"Bọ̀dá mi, ìṣòro wà o. Àwọn èèyàn ń mú páálí, wọ́n ń dé ibi ìsanwó, wọ́n á wá lọ."

Dal-su ò gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn. Ó ti gbá kọ̀ǹpútà mọ́ra. "Hye-ran! Wo imú mi! Ṣé o rí bó ṣe ń jó? Wọ́n ń fọwọ́ pa mí lójú!"

"Ta ló ń fọwọ́ pa yín lójú?"

"Àwọn obìnrin Seoul ni. Ìwọ ò lè mọ̀, àbúrò mi ni ẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká wo fíìmù ìrìn wọn ná. Ẹyọ kan péré."

"Kí ni mo fẹ́ fi fíìmù ṣe? Ìfẹ́ ló ń pọ́n báyìí!"

Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Òkè ni Dal-su ń wò. Ó ra ìpara ojú olówó gọbọi, ó ya fọ́tò mìíràn, ó sọ ọ́ di ńlá, ó sì jẹ́ kó máa ṣẹ́jú sí oníbàárà. Àwòrán náà pọ́n débi pé kò ṣẹ́ku ibi tí iná ò ràn. Bó ṣe ń pọ́n sí i ni páálí ń ga sí i nínú ilé ìkẹ́rùsí.

Seollal kù dẹ̀dẹ̀. Bàbá Guk, olórí abúlé, pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn, gbogbo wọn sì jókòó sórí ilẹ̀ tí wọ́n fi iná mú gbóná nítorí òtútù. Dal-su gbé àwòrán rẹ̀ sára ògiri.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ má fòyà. Ẹ ò rí bí ayé ṣe fẹ́ràn wa?"

Ìyá rẹ̀ ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó wà nídìí fóònù rẹ̀, ó fẹ́ ra páálí kan ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Daegu. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, ó sì figbe ta.

"Dal-su, kúrò níwájú mi! Mo tẹ imú ẹ, o ò lọ. Mo tẹ iwájú orí ẹ, o ò lọ. O tún wá ń ṣẹ́jú sí mi, èmi tí mo bí ẹ!"

Hye-ran ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó fi fíìmù náà sára ògiri. Wọ́n rí ìka kan tó gún Dal-su nímú, tó gún un lágbọ̀n, tó sì bá tirẹ̀ lọ. Òmíràn ń gbá a létí léraléra bí ẹni ń pa ẹ̀fọn. Òmíràn lọ síbi tí wọ́n ti ń wá ọjà, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Báwo ni mo ṣe lè lé ọkùnrin yìí lọ?"

"Ìfẹ́ nìyẹn," ni Bàbá Guk wí.

Ẹ̀rín gba gbogbo ilé kan, ṣùgbọ́n kò pẹ́ níbẹ̀.

"Hye-ran, yọ ọ́ kúrò, ká rí nǹkan tà," ni Bàbá Guk tún wí.

"Mo lè yọ ọ́ nísinsìnyí, Bàbá. Àmọ́ àwọn akẹ́rù ti dáwọ́ ẹrù gbígbà dúró láàárọ̀ yìí. Ó di ẹ̀yìn ọdún."

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ Dal-su, wọ́n sì di páálí kún ọkọ̀ fún un. Bàbá Guk ní, "Bí ayé bá fẹ́ràn ojú ẹ tó bẹ́ẹ̀, gbé e lọ bá wọn." Èyí tí kò gba inú ọkọ̀, abúlé jẹ ẹ́ láàárọ̀, wọ́n jẹ ẹ́ lálẹ́, títí òdòdó fi yọ. Bí wọ́n bá ti bù ú jẹ, wọ́n á dárúkọ Dal-su, kì í sì í ṣe àdúrà ni wọ́n fi ń dárúkọ rẹ̀.

Dal-su dúró nínú yìnyín ní ibùdó ìsinmi ojú ọ̀nà márosẹ̀, níbi tí àwọn tó ń lọ ọdún nílé ti ń yà tọ̀. Ìpara olówó gọbọi náà dì mọ́ ọn lójú. Ìyá àgbà kan kọjá, ó padà, ó sì tẹjú mọ́ ọn.

"Àbí ìwọ kọ́ lo dí mi lọ́nà nínú fóònù?"

"Èmi ni, Mà."

Ìyá náà na ìka, ó sì tẹ̀ ẹ́ nímú. Dal-su yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Ìyá náà mú páálí kan lẹ́yìn rẹ̀. "Ó mà lè kúrò!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, tí ẹ ń ka ipasẹ̀ àwọn tó wọ ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ fi ti Dal-su ṣe àríkọ́gbọ́n. Ọwọ́ ìfẹ́ ń tẹ èèyàn, ọwọ́ ìbínú náà ń tẹ èèyàn, àwọ̀ kan náà sì ni méjèèjì ń fi sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ yóò tẹ̀ lé oníbàárà títí dé ibi tó ti yíjú padà, kì í ṣe ibi tí inú òun alára ti dùn. Bó bá sì débẹ̀, kó kọ́kọ́ wò ó dáadáa bóyá òun gan-an kọ́ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà.