Ìbò Kan Tó Kù

Lọ́yà di ọwọ́ ilẹ̀kùn ìgbìmọ̀ ìlú mú bí ẹni tí omi ń gbé lọ.

"Ṣílẹ̀kùn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́!"

Ẹ̀ṣọ́ dúró gbagidi. "Ẹ má bínú, ọ̀gá lọ́yà. Ẹ ò lè wọlé."

Láti ojú gíláàsì ilẹ̀kùn, lọ́yà ń ka ọwọ́ tó wà lókè. Èèyàn márùn-ún ni ò fẹ́ kí wọ́n wó àwọn ilé etí odò. Mẹ́fà ló lè dá wọn sí.

Ọdún mẹ́jọ ló ti ń jókòó nínú yàrá yẹn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìgbìmọ̀. Lónìí, kò sẹ́ni tó yíjú wò ó.

Fóònù rẹ̀ ń dún. Kò gbé e.

"Ìbò kan ló kù! Tèmi ni!"

"Òfin ni, sà." Ojú ń ti ẹ̀ṣọ́. "Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kan ilé ẹbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n tó dìbò. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́? Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́ fún yín lọ́jọ́ náà."

Òòlù alága dún lórí tábìlì.

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Fóònù tún dún. Ó gbé e.

"Ọmọ mi," ni ìyá rẹ̀ wí, ẹ̀rín wà lóhùn rẹ̀, "àwọn aládùúgbò ti ń di ẹrù. Mo ní kí wọ́n tú u padà. Ṣebí ìwọ wà níbẹ̀."