Ọkùnrin Tó Fọwọ́ Sí Àbọ̀ Kí Ó Tó Lọ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín tó máa ń kánjú.

1.
Duván Quiroga ń gbé ní ìlú Bogotá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn fi ń to ọjọ́ tí aláìsàn máa rí dókítà. Ọwọ́ rẹ̀ yá, orí rẹ̀ pé. Nígbà tí olórí wọn fiṣẹ́ sílẹ̀, Duván ti lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀, ó sì dá a lójú pé òun ló kàn. Àfi bí wọ́n ṣe gbé ipò náà fún Yuliet, ẹni tí kò tíì lò ju ọdún méjì lọ.

Ó dé ilé ìyá rẹ̀, ó ti àwo ọbẹ̀ sẹ́yìn.

"Màmá, Yuliet! Ẹni tó jẹ́ pé bó bá ti ilẹ̀kùn, á padà wá wò ó lẹ́ẹ̀mẹta! Wọ́n fi ìjàpá ṣe olórí ẹṣin!"

"Ọmọ mi, jẹun ná. Ebi máa ń bu epo síná ìbínú." Doña Nubia, ìyá rẹ̀, tún bu ọ̀dùnkún kún àwo rẹ̀.

Ohun tí kò sọ fún ìyá rẹ̀ nìyí. Níbi iṣẹ́ wọn, ẹni tó bá parí ètò gbọ́dọ̀ dán an wò, kó tó fàmì síbi tí wọ́n kọ "Mo ti dán an wò" sí. Kí Duván tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá ló ti máa ń fàmì síbẹ̀. Ó ní kò sí àyè ìdádúró. Ẹnikẹ́ni kò tíì rí èyí tó bàjẹ́, ó bá di àṣà.

2.
Ìgbádùn rẹ̀ kan ṣoṣo ni ọjọ́ Àìkú. Á gun alùpùpù rẹ̀, ó di páramo, orí òkè tútù tí kùrukùru kì í jìnnà sí. Ilé tó kẹ́yìn kí èèyàn tó máa fẹsẹ̀ gòkè ni ilé Don Eliécer àti ìyàwó rẹ̀, Doña Evangelina. Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì níwájú ilé wọn. Bí o bá ń lọ, o kọ orúkọ àti agogo. Bí o bá dé, o kọ agogo tí o dé, o sì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí àyè rẹ̀ bá ṣófo ní agogo mẹ́rin, Don Eliécer á di ẹṣin rẹ̀ ní gàárì, á wá a lọ. Kì í gbowó.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Yuliet, Duván gbé ìbínú dé ibẹ̀. Ó rántí bí èrò ṣe máa ń tò sídìí ìwé yẹn lọ́sàn-án. Ó ní, "Ohun tí mo lè ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ni mò ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì fún?" Ó kọ agogo méje àárọ̀ pé òun ń lọ. Ó tún kọ agogo méjì ọ̀sán pé òun ti dé, ó sì fọwọ́ sí i.

"Ọmọ Bogotá, ṣé o ti kọ orúkọ?" Don Eliécer kígbe láti ibi tó ti ń fún wàrà màlúù.

"Mo ti kọ gbogbo rẹ̀, Bàbá!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó kọ gbogbo rẹ̀ lóòótọ́.

3.
Ó dé etí adágún tó wà lórí òkè, ó jẹ àkàrà àgbàdo rẹ̀, inú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ìgbà tó ń bọ̀ ni kùrukùru bo ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí òkúta, ó yí gbiri wọ inú kòtò, egungun ojúgun rẹ̀ sì dá. Ó gbọ́ bó ṣe dún. Fóònù kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Lákọ̀ọ́kọ́, kò bẹ̀rù. Ó ń wí fún ara rẹ̀ pé, "Kò burú. Bó bá di agogo mẹ́rin, bàbá yẹn á rí i pé mi ò tíì fọwọ́..."

Ibẹ̀ ló ti rántí.

Ó ti fọwọ́ sí i. Nínú ìwé, ó ti dé. Ta ló ń wá ẹni tó ti dé? Bẹ́ẹ̀ òtútù òkè yẹn lè pa èèyàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọkùnrin ọlọ́dún méjìlélọ́gbọ̀n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké "Màmá! Màmá!" bí ọmọ ọwọ́.

4.
Agogo mẹ́rin lù. Don Eliécer pa ìwé dé. "Gbogbo wọn ti sọ̀ kalẹ̀."

"Ọmọ Bogotá ńkọ́?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Agogo méjì ló dé. Wo ọwọ́ rẹ̀ níbí."

"Ìwé rí i. Èmi ò rí i."

"Obìnrin yìí, ìwé lo tún fẹ́ bá jà báyìí?"

"Màá bá a jà! Alùpùpù rẹ̀ ló wà nídìí igi yẹn. Àbí ó fò lọ sílé ni?"

"Bóyá ó bá ọ̀rẹ́ lọ."

"Kò sẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀ lónìí tí mi ò bu omi ìrèké gbígbóná fún. Mi ò bu fún un. Eliécer, dìde! Ọmọ abiyamọ kan ni."

Don Eliécer ń kùn, ó ń di gàárì. Ó pe aládùúgbò méjì. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kù díẹ̀ kó tán nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn tó ti há nínú kòtò.

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ máa wá mi?" Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ìyàwó mi ni. Ní ti ìwé, o ti dé tipẹ́."

5.
Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni Duván ti pe Yuliet.

"Iṣẹ́ mọ́kànlá wà tí mo fàmì sí, tí mi ò dán wò."

Yuliet fa bírò yọ. "Máa kà wọ́n fún mi níkọ̀ọ̀kan. Mò ń kọ ọ́."

Wọ́n bá àṣìṣe nínú mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn ì bá ti pa ọjọ́ àwọn tó ní àìsàn ọkàn rẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀. Wọ́n dá Duván padà sí ipò tó wà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọṣẹ́. Kò jiyàn. Ẹsẹ̀ yẹn kò sì lè gun òkè mọ́. Ó ń tiro títí dòní.

Ṣùgbọ́n ó ń mí. Doña Nubia wọ bọ́ọ̀sì lọ bá Doña Evangelina, ó dì mọ́ ọn, kò fẹ́ fi sílẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni mo bí i. Ẹ̀yin lẹ bí i lẹ́ẹ̀kejì."

"Há! Tèmi yìí mà tóbi o! Ẹṣin ló bá mi gbé e." Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú.

Ọlọ́run, a dúpẹ́ fún gbogbo ìyá tí kì í gba ohun tí ìwé wí gbọ́ títí ojú wọn á fi rí ọmọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa, mo fi ìfẹ́ bẹ̀ yín: ẹ má fọwọ́ sí ohun tí ẹ kò tíì ṣe, ì báà jẹ́ níbi iṣẹ́, ì báà jẹ́ lójú ọ̀nà. Ìṣẹ́jú kan tí ẹ fẹ́ jèrè lè gba ẹ̀mí lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì fi ẹni tó ń fara balẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn àgbà kò ṣì í wí: ọjọ́ ìlọ là ń mọ̀, ẹnìkan kì í mọ ọjọ́ àbọ̀.